Iyanrìn Kọ́ Ló Gbé E Ṣubú: Àkọsílẹ̀ Ìṣubú Alùpùpù Kan Nínú Kọ́nà

Iná bíréèkì ẹ̀yìn alùpùpù àbúrò mi tàn nígbà tí máṣìn ti fì sí ọ̀tún. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí nìyẹn. Kí n tó lanu, táyà iwájú ti yọ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀, máṣìn ti sùn sílẹ̀, irin ìgbẹ́sẹ̀lé ń ha ojú títì gbàrà, àbúrò mi sì ń yọ̀ lọ lórí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tí wọ́n wọ́ lórí ẹní. Ó la ìlà àárín kọjá, ó la ojú ọ̀nà àwọn tó ń bọ̀ kọjá, inú koríko òdìkejì ló dúró sí. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Kò sí ọkọ̀ kankan tó ń bọ̀ lásìkò náà.

Mò ń kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́ nítorí pé ohun tí gbogbo àwa tó wà níbẹ̀ sọ pé ó ṣẹlẹ̀ kọ́ ló ṣẹlẹ̀. Ká ní a dúró sórí ti àkọ́kọ́ yẹn ni, a ò bá kàn máa bú àwọn tó da iyanrìn sójú ọ̀nà, àbúrò mi ò bá sì tún padà lọ ṣubú níbòmíràn.

Àárọ̀ ni. Oòrùn ti yọ, títì ti gbẹ. Òjò ńlá kan ti rọ̀ ní òru ọjọ́ méjì ṣáájú, ṣùgbọ́n ojú ọ̀dà kò ní omi kankan mọ́. Àwa méjì la jọ jáde, òun níwájú, èmi lẹ́yìn. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti ń gun alùpùpù, kì í sì í ṣe ẹni tó ń sáré àsápajúdé. Kọ́nà tí mò ń wí yìí yà sí ọ̀tún, òkìtì ilẹ̀ gíga kan sì wà ní apá inú rẹ̀, débi pé ẹni tó ń wọ ibẹ̀ kò lè rí ohun tó wà ní ìkángun. Lẹ́yìn òkìtì náà ni ọ̀nà erùpẹ̀ kan ti já sí títì. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń ti ibẹ̀ jáde máa ń fi táyà gbé iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ wá sórí ọ̀dà, òjò òru ìjẹta sì ti wọ́ òmíràn wá kún un.

Bí a ṣe ń wọ kọ́nà náà, mo wo míítà mi: 60 kìlómítà ní wákàtí kan. Ó ń fi mí sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí náà mo fi tirẹ̀ sí nǹkan bíi 65. Nígbà tó ṣubú, mo gbé máṣìn tèmi nàró, mo fún bíréèkì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo sì gba ẹ̀gbẹ́ iyanrìn náà kọjá láìfarakàn án.

Awakọ̀ akẹ́rù kan dúró, ó bá wa gbé máṣìn dìde. Ó na ìka sí ilẹ̀: "Iyanrìn yìí ni. Ó ti ṣe ẹni púpọ̀ báyìí." Àbúrò mi jókòó sórí koríko, ó ń wo ìbọ̀wọ́ rẹ̀ tó ti fàya ní àtẹ́lẹwọ́. Òun náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, iyanrìn ni. Mo rí i, àmọ́ ó ti bọ́." Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Iyanrìn rèé, ẹni tó ṣubú rèé. Kí la tún ń wádìí? Mo ya fọ́tò iyanrìn náà pé màá fi han àwọn tí ọ̀rọ̀ títì kàn, a sì lọ.

Orúnkún ọ̀tún rẹ̀ wú, èjìká rẹ̀ sì ń ro ó fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ọwọ́ bíréèkì iwájú ṣẹ́, irin ìgbẹ́sẹ̀lé ọ̀tún tẹ̀ wọnú. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbọ̀wọ́, jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn àti akoto tó wọ̀ ló jẹ́ kí ó mọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ojú títì sọ

Ọ̀rọ̀ iná bíréèkì yẹn kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Bó bá jẹ́ pé iyanrìn ló gbé e, kí ni iná pupa yẹn ń wá níbẹ̀ ṣáájú? Ọjọ́ kejì, mo mú tépù tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀, mo bẹ ẹnì kan kó bá mi máa wo ọkọ̀, mo sì padà síbẹ̀.

Àpá irin náà ṣì wà lórí ọ̀dà dúdú, ó funfun bí ẹni fi ẹfun fà á. Mo ń tọ̀ ọ́ padà sẹ́yìn bí ọdẹ ṣe ń tọ ipasẹ̀ ẹran. Ní bíi mítà méjì ṣáájú ibi tí irin ti kọ́kọ́ kan ilẹ̀, ní apá ibi tí a ti ń bọ̀, mo rí ìlà rọ́bà dúdú kan, tín-ínrín, tó tẹ̀ sí ìta. Táyà iwájú ló kọ ọ́. Mo wá yíjú wo ibi tí iyanrìn ti bẹ̀rẹ̀. Mo fi tépù sí i: mítà mẹ́rin sí iwájú ibi tí ìlà rọ́bà náà ti bẹ̀rẹ̀. Mo tún un wọ̀n. Mẹ́rin náà ni.

Ẹ̀rù bà mí pé bóyá ọkọ̀ ti tú iyanrìn náà ká láàárín àná sí òní, ni mo bá ṣí fọ́tò àná. Ààlà iyanrìn náà dọ́gba pẹ̀lú ibi tí mo rí i lónìí, àpá irin sì hàn gbangba lẹ́yìn rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo fi àtẹ́lẹwọ́ pa ibi tí ìlà rọ́bà wà. Eruku fẹ́ẹ́rẹ́ ló bá mi lọ́wọ́, kò sí hóró iyanrìn kan ṣoṣo.

Ìyẹn ni pé táyà náà ti yọ̀ kí ó tó dé orí iyanrìn. Máṣìn ti sùn tán kí iyanrìn tó kàn án. Ohun tí gbogbo wa fẹ̀sùn kàn kò tíì fọwọ́ kan ọmọ náà rárá.

Ohun kejì tí mo rí níbẹ̀ tún dùn mí jùyẹn lọ. Iyanrìn náà kò bo gbogbo ojú ọ̀nà. Àárín ló kó jọ sí, láàárín ojú ibi méjì tí táyà ọkọ̀ máa ń gbà, kò sì gùn ju mítà kan àbọ̀ lọ. Bí iyanrìn ṣe máa ń ṣe nìyẹn níbi gbogbo: táyà ọkọ̀ a gbá ojú ipa tirẹ̀ mọ́, a sì ti ìdọ̀tí sí àárín àti sí etí ìta kọ́nà. Ipa táyà apá òsì mọ́ tónítóní, ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ibẹ̀ gan-an ni èmi gbà kọjá, tí n kò sì mọ̀ pé mo yàn án.

Ọwọ́ kan ni táyà ní

Mo wọn bí kọ́nà náà ṣe tẹ̀ tó. Ọ̀nà tí mo gbà kò le: mo na tépù 20 mítà gbọọrọ láti ojú kan sí òmíràn lórí ìlà etí títì apá inú, mo sì wọn bí ìlà náà ṣe jìnnà sí àárín tépù tó. Mítà kan ni. Èyí já sí pé bí a bá fi kọ́nà náà ya odindi òbìrípo, láti àárín rẹ̀ dé etí yóò jẹ́ nǹkan bí 50 mítà.

Pẹ̀lú nọ́ńbà yìí, ìṣirò a sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fi 60 wọ kọ́nà bẹ́ẹ̀, agbára tí táyà gbọ́dọ̀ fi fà á wọnú kọ́nà tó ìdá 57 nínú 100 ìwọ̀n òun àti máṣìn rẹ̀, máṣìn yóò sì fì tó dígírì 30. Ní 65, ó di ìdá 66, fífì náà sì di nǹkan bíi 34. Ẹ wò ó pé kìlómítà márùn-ún péré ló fi kún un. Bí eré bá lé, ohun tí kọ́nà ń bèèrè lọ́wọ́ táyà kì í lé ní ìwọ̀n kan náà. Ó máa ń lé ní ìlọ́po eré náà lọ́nà ara rẹ̀. Ìlọ́po méjì eré, ìlọ́po mẹ́rin agbára.

Ibi tí táyà ti kan ilẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Níbẹ̀ ni rọ́bà ti ń tẹ̀ wọnú àwọn kòtò wẹ́wẹ́ ojú ọ̀dà tí ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí, tó sì ń lẹ̀ mọ́ òkúta inú rẹ̀. Ọwọ́ tí táyà ní nìyẹn, ọwọ́ kan ṣoṣo. Òun ló fi ń yà, òun náà ló fi ń dúró, òun náà ló fi ń sáré. Ọwọ́ kan kò sì gbé ẹrù dé orí. Bí ọwọ́ náà bá ti di kọ́nà mú, ìyókù rẹ̀ nìkan ló lè fi di bíréèkì mú.

Iye tó kù kì í ṣe àyọkúrò lásán, nítorí pé yíyà ń fà sí ẹ̀gbẹ́, bíréèkì ń fà sẹ́yìn. Bí gbogbo agbára táyà bá jẹ́ 100, tí yíyà sì gba 60, 80 ṣì kù fún bíréèkì. Bí yíyà bá gba 80, ó ku 60. Ṣùgbọ́n bí yíyà bá gba 95, ohun tó kù kò ju 31 lọ. Ibi ìparí yìí ló ń tan àwa tó ń gun máṣìn jẹ. Ó máa ń ṣe wá bí ẹni pé àyè ṣì pọ̀, títí àyè á fi tán lójijì.

Bí títì gbígbẹ àti táyà tó dára bá lè di ìdá 80 ìwọ̀n máṣìn mú, àbúrò mi tó ti ná ìdá 66 fún yíyà ṣì ní nǹkan bíi 45 fún bíréèkì. Ó ṣì pọ̀ díẹ̀! Ẹni tó bá fi ìka méjì fún ọwọ́ bíréèkì pẹ̀lẹ́ yóò rí i lò. Kí ló wá dé tí kò fi tó o?

Ohun tí táyà sọ

Mo wo táyà iwájú rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì yẹn, ó sì ká mi lára, nítorí pé ẹ̀bi èmi náà wà níbẹ̀.

Géèjì sọ 19 psi, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà. Ìwé tí ilé iṣẹ́ lẹ̀ mọ́ ara máṣìn sọ pé 29 ni táyà iwájú ń gbà nígbà tó bá tutù. Mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, mo tún wọ̀n ọ́n, 19 náà ni. Kì í ṣe pé ó ń jò láti ìgbà tó ṣubú. Díẹ̀díẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń sá lọ bó ṣe máa ń ṣe nínú táyà gbogbo, tí ẹnì kankan kò fi kún un. Láti bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ló ti ń sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ máṣìn yìí wúwo, ó ń lọ́ra láti yà." Mo ní kó lọ wo bẹ́ẹ̀rì ọrùn máṣìn. N kò ní kó wo afẹ́fẹ́. Táyà iwájú tó rọ̀ ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó wá sí mi lọ́kàn, àní kó tó parí ọ̀rọ̀.

Àwọn kan ń rò pé afẹ́fẹ́ díẹ̀ máa ń jẹ́ kí táyà di ilẹ̀ mú sí i, nítorí pé ó ń fẹ̀ sílẹ̀. Lóòótọ́ ó ń fẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú kọ́nà, ara táyà tí afẹ́fẹ́ kò gbé dúró a máa ká sí ẹ̀gbẹ́, ojú tó kan ilẹ̀ a máa wọ́, kò ní tẹ̀ mọ́ ilẹ̀ dọ́gba mọ́. Bí bíréèkì bá tún dé sórí ìyẹn, á ká wọ abẹ́ ara rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó pọ̀ jù náà ní aburú tirẹ̀, a máa mú kí táyà le jù, á máa fò lórí títì dípò kó tẹ̀ mọ́ ọn.

Lẹ́yìn náà mo ka nọ́ńbà ara rẹ̀. Lẹ́yìn lẹ́tà DOT, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni 3415: ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélọ́gbọ̀n ọdún 2015 ni wọ́n ṣe é. Ó ti lé ní ọdún mẹ́jọ nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Poro ara rẹ̀ ṣì jìn, ìyẹn ló tàn wá jẹ. Gbogbo wa mọ̀ ká wo bóyá táyà ti pá, a kì í wo ọjọ́ orí rẹ̀. Mo tẹ èékánná bọ̀ ọ́, èékánná kò wọlé, kò tilẹ̀ fi àpá sílẹ̀. Mo ya poro rẹ̀ wò: ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ń là wẹ́wẹ́, bí ilẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Rọ́bà tó bá ti gbó báyìí kì í wọnú kòtò wẹ́wẹ́ ojú ọ̀dà mọ́, orí rẹ̀ ló ń yọ̀ lọ. A sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ni, kò tíì gùn tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, táyà náà kò tíì gbóná.

Nítorí náà, ìdá 80 tí mo fi ṣírò lókè yẹn, ti táyà tó dára ni. Tirẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Ó ti ná ọ̀pọ̀ nínú ohun tó ní kí ó tó rí iyanrìn, kò sì mọ̀.

Ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ

Mo fi fọ́tò àti nọ́ńbà mítà mẹ́rin hàn án. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo rò pé mo ti dé orí rẹ̀." Mo ní kó sọ ohun tó rántí fún mi láìfi ti iyanrìn ṣe. Ó ní, "Mo rí nǹkan funfun. Ọwọ́ mi ti dì kí n tó mọ̀. Mo ṣáà ń wò ó."

Gbólóhùn mẹ́ta yẹn ni gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Mo padà lọ jókòó sórí máṣìn tèmi ní ìwọ̀n gíga ojú ẹni tó ń gùn ún, láti wo ibi tí èèyàn ti lè kọ́kọ́ rí iyanrìn náà lẹ́yìn òkìtì. Mítà 22 ni. Ẹni tó ń lọ ní 65 ń rìn ní mítà 18 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn ni pé ó ní ìṣẹ́jú àáyá kan lé díẹ̀ láti rí i, láti mọ ohun tó jẹ́, láti pinnu, kó sì ṣe é. Ọpọlọ ènìyàn kì í fi irú àkókò bẹ́ẹ̀ ronú. Ọwọ́ ló máa ń ṣe ohun tí ẹ̀rù bá kọ́ ọ. Ẹ̀rù sì ti kọ́ gbogbo ọwọ́ pé kó dì.

Bí ọwọ́ ṣe dì lójijì yẹn ló burú. Bí èèyàn bá fún bíréèkì iwájú díẹ̀díẹ̀, ìwọ̀n máṣìn á kọ́kọ́ yí wá síwájú, ṣọ́ọ̀kì iwájú á rì, táyà á tẹ̀ mọ́ ilẹ̀, agbára rẹ̀ á sì lé sí i. Bó bá já a mú lẹ́ẹ̀kan, bíréèkì á dé kí ìwọ̀n tó dé. Táyà tó fúyẹ́, tó sì ti fì, ni ó fi bíréèkì náà lé lórí. Ìlà rọ́bà mítà méjì yẹn jẹ́rìí sí i: kò gùn, torí pé kò pẹ́ rárá.

Ojú náà tún dá kún un. "Mo ṣáà ń wò ó." Ibi tí ojú bá kàn mọ́ ni ọwọ́ àti ara ń darí máṣìn lọ, yálà a fẹ́ tàbí a kò fẹ́. Ipa táyà tó mọ́ wà ní ìwọ̀n ìdajì mítà sí òsì rẹ̀, kò sì rí i, nítorí pé iyanrìn ni gbogbo ojú rẹ̀ ń wò.

Ẹnì kan béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ABS, ìyẹn ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí bíréèkì há táyà pa, ì bá gbà á là. Máṣìn tirẹ̀ kò ní in. Ó pẹ́ tí ABS ti dé orí alùpùpù, láti ọdún 1988 tí BMW ti fi í sórí alùpùpù K100 rẹ̀, òfin àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù sì ti sọ ọ́ di dandan láti ọdún 2016 fún irú alùpùpù tuntun tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ju 125 cc lọ. Ṣùgbọ́n ABS lásán, ẹni tó nàró ni wọ́n ṣe é fún. Èyí tó mọ̀ pé máṣìn ti fì, tó sì ń dín bíréèkì kù gẹ́gẹ́ bí fífì náà ṣe tó, lórí alùpùpù KTM 1190 Adventure ti ọdún 2014 ni ó ti kọ́kọ́ jáde. Irú ìyẹn lè gbà á là. Síbẹ̀, kò lè fún táyà ní ohun tí táyà kò ní. Bí 65 fúnra rẹ̀ bá ti ju agbára táyà lọ, kò sí kọ̀ǹpútà tó lè yá a ní òmíràn.

Nígbà tí mo rí mítà mẹ́rin yẹn, ìwádìí tí Harry Hurt àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní University of Southern California gbé jáde lọ́dún 1981 ló wá sí mi lọ́kàn. Nǹkan bíi 900 ìjàǹbá alùpùpù ní agbègbè Los Angeles ni wọ́n lọ wò níbi tó ti ṣẹlẹ̀. Àbùkù ojú ọ̀nà kò jẹ́ okùnfà ju ìdá 2 nínú 100 lọ. Nínú èyí tí kò kan ọkọ̀ mìíràn, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ló ní àṣìṣe ẹni tó ń gùn ún nínú, èyí tó sì wọ́pọ̀ jù ni kó fi bíréèkì tó pọ̀ jù gbé ara rẹ̀ ṣubú, tàbí kó sáré jù wọ kọ́nà kí ó sì tú sí ìta. Ó ti pẹ́ tí mo ti ka èyí. N kò mọ̀ pé màá fi tépù wọ̀n ọ́n lórí títì ní ọjọ́ kan.

N kò sọ pé kí a dárí ji iyanrìn o. Iyanrìn a máa gbé èèyàn ṣubú lóòótọ́. Hóró rẹ̀ a máa yí lábẹ́ rọ́bà bí ìlẹ̀kẹ̀, ẹni tó bá sì fì dáadáa lórí rẹ̀, ó kù sí ọwọ́ Ọlọ́run. Kì í sì í ṣe iyanrìn nìkan. Ìlà pẹ́ńtì funfun àti ìdérí irin kòtò títì tí omi bá ti kàn. Ewé tútù. Ọ̀dà tí wọ́n fi dí ojú títì tó là, tó máa ń rọ̀ nínú oòrùn. Irin rélùwéè tó gba àárín ọ̀nà kọjá. Òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọ̀dá, nígbà tí epo àti eruku ọjọ́ pípẹ́ bá lé sójú omi. Èyí tí mo bẹ̀rù jù ni epo dísẹ́ẹ̀lì. Ọkọ̀ tí wọ́n rọ epo kún dẹ́nu a máa dà á sílẹ̀ nínú kọ́nà, níbi tí ọkọ̀ ti fì, ìyẹn ni pé ibi tí a ti nílò táyà jù ló ń dà á sí. Kì í tètè gbẹ bíi pẹtiróòlù. Lórí títì tútù, ẹ ó rí àwọ̀ òṣùmàrè rẹ̀. Lórí títì gbígbẹ, ẹ lè máà rí ju bí ẹni pé ojú ọ̀dà dúdú díẹ̀ sí i. Imú máa ń ṣáájú ojú níbẹ̀. Bí mo bá ti gbóòórùn rẹ̀, mo ti dín eré kù náà nìyẹn, mi ò ní dúró de ẹ̀rí míì.

Ohun tí a ṣe

A pààrọ̀ táyà méjèèjì. Mo kìlọ̀ fún un pé kó má fì wọ́n jù fún nǹkan bíi 150 kìlómítà àkọ́kọ́, torí pé ojú táyà tuntun ń dán, kò tíì ha. Ó ra géèjì tirẹ̀.

Lẹ́yìn tí èjìká rẹ̀ balẹ̀, a lọ sí pápá kan tí ọkọ̀ kì í dé. A bẹ̀rẹ̀ láti orí bíréèkì lórí ìnàró: kó fún un bí ẹni ń fún ọsàn, kì í ṣe bí ẹni ń gbá eṣinṣin mú. Ó gbà á ní bí ogún ìgbà kí ọwọ́ rẹ̀ tó gbọ́. Lẹ́yìn náà ó ń yí òbìrípo ní 30, bí mo bá sì ti fọn fèrè, kó kọ́kọ́ gbé máṣìn nàró, kí ó tó fún bíréèkì. Ìgbà mẹ́rin àkọ́kọ́, bíréèkì ló kọ́kọ́ mú. Mo ń rí iná pupa yẹn tó ń tàn, inú mi sì ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Ìgbà karùn-ún, máṣìn kọ́kọ́ dìde.

Mo wá da iyanrìn sílẹ̀ ní ìwọ̀n mítà kan àbọ̀, bíi ti kọ́nà náà gẹ́lẹ́. Mo ní kó gba orí rẹ̀ kọjá ní 30, ní ìnàró, kí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, kó má fún bíréèkì, kó má já ọwọ́ eré máṣìn sílẹ̀. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ le. Ó gùn ún kọjá. Máṣìn mì díẹ̀, ó sì dúró ṣinṣin. Ó yí padà wá bá mi, ó ń rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, orí máṣìn lásán ló mì!" Ó tún un ṣe ní ìgbà mẹ́wàá láìjẹ́ pé mo ní kó ṣe é.

Ọ̀rọ̀ eré ló pẹ́ jù lórí rẹ̀. Ó ní 65 kò pọ̀ lórí títì bẹ́ẹ̀. Mo ní kì í ṣe títì ló ń sọ iye tó pọ̀, ibi tí ojú rẹ dé ni. Mo bá a ṣe ìṣirò: bí èèyàn bá gba ìṣẹ́jú àáyá kan kí ó tó fún bíréèkì, ẹni tó ń lọ ní 65 nílò nǹkan bíi 45 mítà láti dúró pátápátá lórí títì gbígbẹ. Mítà 22 ló rí. Ẹni tó ń lọ ní 40 nílò nǹkan bíi 21. Ní 40 yẹn pẹ̀lú, ìdá 25 péré ni kọ́nà náà ń gbà lọ́wọ́ táyà dípò 66, gbogbo ìyókù á wà nílẹ̀ fún ohunkóhun tó bá yọ. Kò bá mi jiyàn mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, àmọ́ mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó.

A padà síbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ó ti yẹ afẹ́fẹ́ wò kí a tó jáde, 29 níwájú. Òun ló tún ṣáájú, èmi lẹ́yìn, mo jìnnà sí i dáadáa. Iyanrìn tún wà níbẹ̀, ó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àpá irin náà kò tíì parẹ́ tán. Nígbà tó ku díẹ̀ kí òkìtì náà bo ojú ọ̀nà, lórí ìnàró, iná bíréèkì rẹ̀ tàn, ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì kú. Máṣìn fì díẹ̀. Mo rí i tí akoto rẹ̀ yí, tó ń wo iwájú ju iyanrìn lọ, ó gbé máṣìn nàró díẹ̀, ó gba ipa táyà apá òsì kọjá, ó sì tún fì padà.

Ojú iná pupa yẹn ni mo tẹjú mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ kọ́nà dé ìparí. Kò tàn.